Ọ́sà kọ́ ló ń ṣe ọmọ yẹn

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú ọ̀rá dúdú tí ìyá kan gbé wá sí wọ́ọ̀dù ọmọdé níbi tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn. Mo ní kí wọ́n kó gbogbo oògùn tọ́mọ ń lò jáde kí n rí i, ni wọ́n bá da ọ̀rá náà dé orí tábìlì. Ìgò síróòpù funfun tó dà bí ẹfun, èyí tí wọ́n máa ń lò fún inú títa, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ibuprofen olómi méjì, ọ̀kan ti gbẹ pátápátá. Ike mínírà tí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wà nínú ẹ̀, mo ṣí i báyìí, ògógóró ló kọ́kọ́ ki mí. Àti páálí oògùn malaria tó yẹ kọ́mọ lo 12 nínú ẹ̀, 8 ṣì jókòó síbẹ̀ rekete bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn wọ́n.

Ọmọkùnrin ni, ọdún 4, kílò 16. Ó gbórí lé itan ìyá ẹ̀, ara ẹ̀ ń jó. Ìyá ní, "Antí nọ́ọ̀sì, ọ́sà ló ń dà á láàmú. Kì í fẹ́ jẹun lásìkò. Ó lè jí láàárọ̀ kó máa ṣeré títí di aago mọ́kànlá, tó bá yá á ní inú ń run òun, ara ẹ̀ á wá gbóná. Ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún rèé lọ́dún yìí. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ló sọ fún mi pé ọ́sà ni."

Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ti gbọ́ ọ, mi ò lè kà á mọ́. Gbogbo inú rírun ló ti di ọ́sà ní Nàìjíríà báyìí, àgbà tó jẹ ẹ̀wà jù ní ọ́sà, ọmọ tí ò fẹ́ lọ sílé ìwé náà ní ọ́sà.

Ṣé ẹ rí i, ọ́sà kì í ṣe orúkọ ìnira, egbò ni, egbò gidi, nínú àpòlúkù tàbí níbi tí ìfun ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Ọmọ kékeré lè ní i o, mi ò ní kì í ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gan-an, kì í ṣe ohun tí èèyàn á kọ́kọ́ máa rò tọ́mọ ọdún 4 bá ní inú ń run òun. Ebi kọ́ sì ló ń dá a sílẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó dà bí ẹni pé ebi ni ni pé ara wa ń ṣe ásíìdì tó fi ń lọ oúnjẹ, ẹni tó bá ti legbò nínú tẹ́lẹ̀, tí inú ẹ̀ bá ṣófo, ásíìdì á máa ta á lójú egbò, tó bá fi nǹkan panu á rọlẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ la ti ṣì í mú. Iyọ̀ máa ń ta èèyàn lójú ọgbẹ́, ṣé iyọ̀ ló wá gé e lọ́wọ́ ni? Àwọn Mùsùlùmí ń gbààwẹ̀ odindi oṣù kan lọ́dọọdún, bó bá jẹ́ ebi ló ń fa ọ́sà ni, mọ́sálásí ìbá ti kún fún ọlọ́sà látọjọ́ yìí. Bákan náà ni ti ata, ó lè ta ojú egbò tó ti wà níbẹ̀, òun kọ́ ló gbẹ́ ẹ.

Àwọn dókítà gan-an ṣi èyí mú fún ọdún pípẹ́ o, ká má dẹ́bi fún ìyá ọmọ nìkan. Wọ́n ní ìrònú ni, wọ́n ní oúnjẹ ni. Àfìgbà tí òyìnbó méjì kan ní Perth, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, Robin Warren àti Barry Marshall, rí kòkòrò kékeré kan tó lọ́ bíi skúrù nínú àpòlúkù àwọn tó ní àìsàn yìí. Ẹnikẹ́ni ò gbà wọ́n gbọ́, wọ́n ní kí ni kòkòrò á máa wá nínú ásíìdì. Lọ́dún 1984 ni Marshall bá gbé kòkòrò ọ̀hún mu, ó da á sínú omi ó gbé e dà sọ́nà ọ̀fun bí ẹni mu ẹ̀kọ. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ẹnu ẹ̀ ń rùn, wọ́n ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun wọ́n rí i pé inú ẹ̀ ti wú pupa. 2005 làwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel. Kòkòrò yẹn ń jẹ́ Helicobacter pylori, ọ̀pọ̀ wa ló ti kó o láti kékeré, ó ń gba ẹnu àti ìgbẹ́ ràn láàárín ará ilé kan náà, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú wa ò ní ní egbò kankan títí a ó fi kú. Áńtíbáyọ́tíìkì ni wọ́n fi ń lé e, pẹ̀lú oògùn tó ń dín ásíìdì kù, dókítà ló sì máa ń kọ ọ́.

Ohun kejì tó ń dá egbò sínú ni oògùn ara ríro. Ibuprofen, diclofenac, aspirin, àwọn ìdílé yẹn. Wọ́n máa ń mú awọ tó ń dáàbò bo inú lọ́wọ́ ásíìdì rọ, pàápàá téèyàn bá ń lò wọ́n léraléra. Ẹ wá padà sínú ọ̀rá dúdú yẹn. Ìyá yìí ń sá fún ọ́sà, nǹkan tó lè fa ọ́sà gan-an ló ń rà lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta lóṣù, ó ń fún ọmọ tí ò tíì jẹun, torí ara gbígbóná. Mo bi wọ́n pé ṣé ẹ máa ń jẹ́ kó jẹun kẹ́ ẹ tó fún un, wọ́n ní rárá, ẹni tó ta á ní kó yáa lò ó kí ibà yẹn tètè sọ̀. Àgbo ògógóró tún wá gun orí ẹ̀. Bí inú ò bá run ọmọ yẹn, kí ló fẹ́ run ún?

Ẹ̀yin ẹ fi paracetamol sọ ibà ọmọ kalẹ̀, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ fún kílò ẹ̀, òun kì í gbẹ́ inú bẹ́ẹ̀. Ibuprofen ò burú fún ọmọ tó bá ti lé ní oṣù 6 tí dókítà bá fọwọ́ sí i, lẹ́yìn oúnjẹ, fún ìwọ̀nba ọjọ́, àmọ́ èmi ò fẹ́ràn kó wà nílé bíi ṣúgà. Àtipé kò sí èyí tó ń wo àìsàn tó fa ibà náà nínú méjèèjì, gbígbóná yẹn nìkan ni wọ́n ń pa.

Nǹkan míì rèé tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rò. Ọmọ kékeré ò mọ orúkọ ibi tó ń dùn ún. Ẹ bi ọmọ ọdún 3 tí ọ̀fun ẹ̀ wú pé ibo ló ń dùn ún, ikùn lá fọwọ́ kàn. Malaria ń mú inú run ọmọ, ó ń mú un bì. Òtútù àyà tó bá wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ikùn lọmọ máa ní ó ń dun òun. Kòkòrò tó wọ ojú ìtọ̀, pàápàá lára ọmọbìnrin, ibà àti inú rírun ni, kò sì sí ẹni tó máa ń rántí ṣe tẹ́ẹ̀sì ìtọ̀. Ìgbẹ́ tó gbẹ, ọmọ tí kì í mumi tó ń jẹ bísíkíìtì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Aran. Ọ́sà wà lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí, lọ́nà jíjìn réré.

Ara gbígbóná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí náà ní àwọn orúkọ tiẹ̀ tá a máa ń pè é ká lè sùn lóru. Tó bá kéré, eyín ni. Eyín ń hù láti bí oṣù 6 títí ọmọ fi ń lé ní ọdún 2, àìsàn wo ló fẹ́ mú ọmọ láàárín ìgbà yẹn tí ò ní bọ́ sí àsìkò eyín? Oṣù 6 yẹn náà ni ààbò tí ìyá bù fún un nínú oyún ń tán lọ lára ẹ̀, ó tún ti ń rá kiri, ó ń kó gbogbo nǹkan tó bá rí nílẹ̀ sẹ́nu. Eyín lè mú itọ́ dà, lè mú kó máa kanra, kì í gbé ara ọmọ dé 39. Ẹ rántí oògùn eyín olómi tó dá wàhálà sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2008 wọ 2009, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń tu ẹ́ńjìnnì lára ló wọnú ẹ̀, ọmọ tó lé ní 80 ló bá a lọ, kíndìnrín wọn ló daṣẹ́ sílẹ̀. Oògùn eyín, fún nǹkan tí kì í ṣàìsàn.

Tó bá ti kúrò ní eyín, ó di jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n á ní ṣúgà tó lá ló fà á. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀ o, torí ìyá mi náà gbà á gbọ́, àmọ́ ọmọ tó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́ ọ̀rìn kò lá ṣúgà kó tó ṣe é, kòkòrò ló jẹ, ó sì nílò dókítà àti omi iyọ̀-òun-ṣúgà kíákíá, kì í ṣe àgbo ọlọ́tí.

Tí wọ́n bá sì dé lábù, taifọ́ọ̀dù ni. Tẹ́ẹ̀sì Widal tí wọ́n fi ń wá a yẹn, láti 1896 ló ti wà, tí wọ́n bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré nílùú tí taifọ́ọ̀dù pọ̀ sí, kò lè sọ bóyá èyí tó ń ṣe ọmọ yín lónìí ni tàbí èyí tí ara ẹ̀ ti jà ṣẹ́gun tipẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ dájú, kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò ní lábù, bóyá kòkòrò á hù nínú ẹ̀. Taifọ́ọ̀dù gidi ò ṣeé fi ṣeré o, ibà tí ò lọ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, tí ikùn wá wú tó le bíi pátákó, tọ́mọ ń bì, ìfun lè ti lu, iṣẹ́ abẹ nìyẹn, alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá bi ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ ẹ̀ dúdú tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, ìyẹn ló lè jẹ́ egbò inú lóòótọ́.

Malaria ńkọ́? Ní ti ọ̀rá dúdú yìí, mo bi wọ́n ní 8 tó ṣẹ́ kù. "Ara ẹ̀ ti balẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo wá fi ìyókù pamọ́ de ìgbà míì." Oògùn ọjọ́ 3 ni, láàárọ̀ lálẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ tó lóròóró díẹ̀ tàbí mílíìkì kó lè wọra dáadáa. Ọjọ́ kíní máa ń pa púpọ̀ nínú kòkòrò náà, ìyẹn lara fi ń balẹ̀, àwọn tó kù níbẹ̀ á tún bímọ, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì kẹta ẹ ó ní ibà tuntun. Àwọn míì á tún lo gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n á lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì kíákíá yẹn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, á ṣì fi ìlà méjì hàn, wọ́n á ní malaria ò kúrò lẹ́jẹ̀ẹ́ ọmọ yìí láé. Òkú kòkòrò ni tẹ́ẹ̀sì yẹn ń rí, ó lè máa rí i fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìwòsàn, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ awò wo ẹ̀jẹ̀ náà.

Ọmọ tiwa yìí, malaria wà lẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n PCV ẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára, jẹ́ 19, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó tó 33 ó kéré tán, funfun ojú ẹ̀ sì ti pọ́n bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njúpọ́ntọ̀. Dókítà wò ó, ó bi ìyá ẹ̀ bóyá ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀ wú rí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ìyá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tó tó oṣù 8, gbogbo ẹ̀yìn ọwọ́ méjèèjì wú, ìyá ọkọ àwọn ní òtútù ni, wọ́n fi àdí àgbọn pa á, ó lọ.

Ìbéèrè yẹn ló gbé wa dé orí jẹnotáìpù, irú ẹ̀jẹ̀ tọ́mọ jogún lọ́dọ̀ òbí méjèèjì. Bí ẹni 1 nínú 4 ló jẹ́ AS ní Nàìjíríà, àìsàn kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n AS méjì lè bí ọmọ SS tó ń ṣàìsàn. Bàbá ọmọ ní AA lòun, ó ní wọ́n sọ fún òun nílé ìwé, ìwé ẹ̀ ò sí. Ìyá ò ṣe tẹ́ẹ̀sì rí. Ọjọ́ kejì ni èsì jẹnotáìpù ọmọ dé, SS. Fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ bíi dòjé, á há sínú iṣan wẹ́wẹ́, á máa mú inú run ún, egungun á máa dùn ún, kòkòrò tó kan ọmọ yòókù fẹ́rẹ́ á gbé òun dálẹ̀. Ìgbà márùn-ún láàárín ọdún kan, eyín, òtútù, jẹ̀díjẹ̀dí, taifọ́ọ̀dù, ọ́sà, wọ́n ti pe gbogbo orúkọ tán lórí ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì ní ẹ lọ wo jẹnotáìpù ẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ń lọlé, mo ń to oògùn fún wọn, folic acid ojoojúmọ́, oògùn tó ń dènà malaria ojoojúmọ́, ọjọ́ kílíníìkì. Mo ní kí wọ́n fi àgbo yẹn sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n ti dé ẹnu ilẹ̀kùn kí wọ́n tó yíjú padà.

"Antí, ti oúnjẹ lásìkò yẹn wá ńkọ́?"

Mo ní, "Mọ̀mí, ẹ ṣáà fún un lóúnjẹ lásìkò, ọmọ ni."