Àwọ̀ Búlúù Lára Irin Kò Túmọ̀ sí Pé Irin Náà Le

Tí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ pọ́n ọ̀bẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta jù, etí ọ̀bẹ á gbóná, á sì yọ àwọ̀ búlúù. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní iná ti wọ̀ ọ́ lára, pé ó ti le sí i nìyẹn. Irọ́ gbáà ni. Ibi tí búlúù yẹn wà gan-an ni ọ̀bẹ náà ti rọ̀, ibẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ kújú. Ẹ lè fi sáńpépà ha àwọ̀ náà dànù títí irin á fi tún funfun. Rírọ̀ inú rẹ̀ kò ní bá a lọ.

Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni ìgbàgbọ́ yìí ti wá, òótọ́ díẹ̀ sì wà nídìí rẹ̀. Bí alágbẹ̀dẹ bá fi iná sí irin tó ní kábọ̀n dáadáa títí ó fi pọ́n, tó wá rì í bọ omi lójijì, irin náà á le, ṣùgbọ́n ó lè kán pẹ́kẹ́ bó bá já bọ́. Nítorí náà, á dán ojú rẹ̀, á tún un yá níná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó lè dín líle rẹ̀ kù, á sì máa wo àwọ̀ rẹ̀. Ní nǹkan bíi 220°C, ó ń yọ àwọ̀ koríko gbígbẹ. Ní bíi 255, ó di búráùn. Ní bíi 280, ó di àlùkò. Ní bíi 300, ó di búlúù. Ohun tó fẹ́ kí ojú rẹ̀ mú, á dá a dúró ní àwọ̀ koríko. Sípíríǹgì tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó sì padà, á jẹ́ kó dé búlúù. Ẹ ò rí i pé bí líle ṣe dín kù tó ni àwọ̀ náà ń sọ? Àwa aráàlú la yí i sódì.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó mú ìṣó lásán, kó fi sáńpépà dán an, kó fi ẹ̀mú gbá a mú lórí iná gáàsì. Gbogbo àwọ̀ yẹn ni yóò tò lé ara wọn láti orí dé ìdí. Bó bá tutù, kó tẹ̀ ẹ́ wò: ìṣó náà á wọ́ bó ṣe máa ń wọ́.

Àwọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀dà, kò sí aró kankan níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti ooru ló mú kí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan hù sójú irin, èyí tí kò nípọn tó ìdá kan nínú 10,000 mìlímítà kan. Ìmọ́lẹ̀ kan ń ta padà láti orí awọ yìí, òmíràn ń wọ inú rẹ̀ lọ ta padà láti ojú irin gan-an. Bí méjèèjì bá pàdé, àwọ̀ kan á pa run, òmíràn á tàn, gẹ́gẹ́ bí epo mọ́tò ṣe ń ṣe lójú omi òjò ní títì. Bí awọ náà bá ṣe ń nípọn sí i ni àwọ̀ rẹ̀ ń yí.

Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ kì í fi í ṣe òṣùwọ̀n ooru tó péye. Iná tí kò pọ̀ ṣùgbọ́n tó pẹ́ lè mú un dé ibi tí iná ńlá mú un dé kíákíá. Sténlẹ́ẹ̀sì ní tiẹ̀ ní kúrómíọ̀mù, irin mìíràn tí wọ́n pò mọ́ ọn, tó ń mú kí híhù awọ náà falẹ̀, torí náà ó lè gbóná ju 500°C lọ kó tó di búlúù.

Àwọn tó ń ṣe aago ọwọ́ olówó ńlá ní Switzerland mọ èyí dunjú. Wọ́n á to súkúrù kéékèèké sórí ègé idẹ nínú àwo, wọ́n á fi iná sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀rá ìka lásán ń bà á jẹ́, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó bá lé, búlúù á ti ṣá di àwọ̀ eérú. Ẹwà ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Awọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ gba irin lọ́wọ́ ìpẹtà, àfi kí wọ́n fi epo sí i.

Ìkòkò sténlẹ́ẹ̀sì yín tó yọ àwọ̀ òṣùmàrè nídìí ńkọ́? Kò bàjẹ́, kò sì ní májèlé. Ẹ da fínígà sí i, ẹ fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́.