Ẹ̀pẹ́ Kan, Ohùn Méjì: Bí Ẹgbẹ́ Ṣe Ń Pín Ọ̀nà Ìsọ̀rọ̀ Láàárín Ara Wọn

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì rọ ìbọn lé Èkó lórí. Ọba Kòsọ́kọ́ fi ìtẹ́ sílẹ̀, òun àtàwọn olóyè rẹ̀, àwọn jagunjagun, àwọn ìyàwó, àwọn ẹrú àtàwọn oníṣòwò tó dúró tì í, wọ́n gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìjẹ̀bú ni wọ́n bá níbẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1862, Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó, olóyè rẹ̀, Òṣòdì Tápà, àtàwọn èèyàn rẹ̀ sì lọ dó sí àdúgbò tí a mọ̀ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Èkó títí dòní. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló padà. Ìran àwọn tó jókòó ni à ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́, àwọn onílé tí wọ́n bá sì ni Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún báyìí, síbẹ̀ ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́ ṣì ń dún bí ará Ìsàlẹ̀ Èkó, ọmọ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ṣì ń dún bí Ìjẹ̀bú.

Pé Yorùbá ní ẹ̀ka-èdè kì í ṣe ìròyìn tuntun fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Ohun tó yẹ ká fi sọ́kàn ni pé ààlà tó wà láàárín ohùn méjèèjì yìí gùn kọjá Ẹ̀pẹ́. Àwọn onímọ̀ èdè ka ohùn Èkó mọ́ ti Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá. Wọ́n ka ti Ìjẹ̀bú mọ́ Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ. Ìró kan wà tó ń ti ọ̀nà ọ̀fun jáde, tí wọ́n máa ń kọ ní 'gh'. Ìhà Oǹdó àti Ìlàjẹ ṣì dì í mú, ìhà Ọ̀yọ́ àti Èkó ti sọ ọ́ di 'w' tipẹ́tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí Ìlàjẹ fi ń pe owó ní eghó. Bí ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́ bá la ẹnu, Ìbàdàn ni mọ̀lẹ́bí ohùn rẹ̀ wà, kò sí ní ilé kejì.

Bẹ́ẹ̀ wọn ò sì jìnnà síra. Ọ̀sà kan náà ni wọ́n ń dẹ, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, wọ́n jọ ń kí ara wọn lójoojúmọ́ ayé. Tó bá jẹ́ pé ìpàdé lásán ló ń pa ohùn pọ̀, ọ̀kan ì bá ti gbé èkejì mì kí ọ̀rúndún tó kọjá tó parí. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ náà kọ́. Òṣòdì fúnra rẹ̀, Tápà ni, ọmọ Nupe, bẹ́ẹ̀ ó wà lára àwọn tó kó ohùn Èkó wọ Ẹ̀pẹ́. Okùn tó so èèyàn mọ́ èèyàn ni ohùn ń rìn lórí rẹ̀, bí okùn náà bá sì ṣe rí ni ohùn yóò ṣe rí.

Onímọ̀ èdè kan, Lesley Milroy, wo okùn yìí fínnífínní ní ìlú Belfast, ní Northern Ireland, ní àwọn ọdún 1970. Àdúgbò òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló wọ̀. Dípò kó kàn béèrè iye ìwé tí wọ́n kà tàbí owó tó ń wọlé fún wọn, ó wo ẹni tó mọ ẹni. Ṣé ìbátan rẹ wà ládùúgbò yìí? Ṣé ẹ̀yin àti aládùúgbò yín jọ ń ṣiṣẹ́ níbì kan náà? Tí iṣẹ́ bá parí, ṣé ẹ tún jọ ń ṣeré? Ó fún kálukú ní máàkì láti 0 dé 5. Ohun tó rí ni pé ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga ló sábà ń di ohùn àdúgbò mú jù.

Apẹja Ẹ̀pẹ́ ò ní rí ìyẹn bí àdìtú, torí àwọ̀n ló ń wò yẹn. Bí ẹni tí a jọ ń tukọ̀ bá tún jẹ́ àna ẹni, tó tún jẹ́ pé mọ́ṣáláṣí kan náà la jọ ń kírun, okùn mẹ́ta ló so ẹni méjì pọ̀, ojú àwọ̀n náà sì há. Kí ọmọ kan ṣèèṣì gbé ohùn àjèjì wọlé, ìyá rẹ̀ á gbọ́, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ á gbọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sín in jẹ títí ojú yóò fi tì í. Ohùn náà ò ní pẹ́ wábi gbà. Ṣùgbọ́n àwọ̀n kan náà ní etí, níbi tí ojú rẹ̀ ti fẹ̀: awakọ̀ tó ń ná Èkó sí Ẹ̀pẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ìlú mìíràn, ẹni tó kàn ń wá ra ẹja lọ́jọ́ ọjà. Okùn tó so irú wọn mọ́ ìlú tín-ín-rín, ìmọ̀ wọn ò sì ju ká kíra ẹni lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tuntun ń gbà wọlé. Gbogbo apẹja ló sì mọ̀ pé àwọ̀n tí a kò bá tún ṣe, jíja ló ń já. Ọdún Káyókáyó tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ máa ń ṣe lẹ́yìn Iléyá, tí wọ́n fi ń rántí bí Kòsọ́kọ́ ṣe gúnlẹ̀, ara àtúnṣe náà ni: ọmọ tó wà ní Èkó, tó wà ní òkè òkun, á padà wá jókòó ti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, wọ́n á jẹ, wọ́n á yó, wọ́n á sì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ jẹ́ ká wá sún mọ́ ibi tó dùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ojú ẹsẹ̀ tí ohùn ń yí lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ wo ìyá ẹlẹ́ja kan ní Ọjà Olúwo. Oníbàárà kan ti Lekki dé, ó bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò, ó tẹjú mọ́ ọ̀bọ̀kún tó ṣì ń mí nínú ọpọ́n. "Ìyá, èló lẹ fẹ́ gbà gan-an?" Ohùn tí ìyá fi dá a lóhùn ti sún sí apá Èkó: ó falẹ̀ díẹ̀, àwọn ìró Ìjẹ̀bú ti fara pamọ́, 'ẹ' ló sì ń fi pe ọmọdébìnrin tó lè bí. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti yíjú sí ẹni tó pàtẹ àrọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìjẹ̀bú ponbele tú jáde, ó yá kánmọ́kánmọ́, oníbàárà ò gbọ́ ju orúkọ ẹja lọ. Ìyá tún yí padà: "Ẹ mú ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ wá. Ẹ̀yin náà, ẹ wò ó bó ṣe tóbi."

Howard Giles, onímọ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé irú nǹkan yìí ní àwọn ọdún 1970, ní ohùn wa ń sún mọ́ ẹni tí a fẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì ń sún kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí a fẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe ara wa. Ìyá ẹlẹ́ja ṣe méjèèjì kí ọ̀bọ̀kún tó wọ ọ̀rá, kò sì rò ó kó tó ṣe é. Àwọn kan máa ń pe èyí ní ojú ayé, tàbí kí wọ́n ní ẹni bẹ́ẹ̀ ń díbọ́n. Irọ́ ni. Kò sí èyí tó jẹ́ ìbòjú nínú ohùn méjèèjì. Òun ló ni wọ́n.

Ìyípadà kékeré bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún lóòjọ́, èyí tó pọ̀ jù á sì pòórá kí oòrùn tó wọ̀. Ìgbà tí ẹgbẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun mìíràn nínú ìró kan, ìyẹn irú ẹni tó ń sọ ọ́, ni ìró náà máa ń dúró. Erékùṣù Martha's Vineyard ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn kedere. Onímọ̀ èdè kan, William Labov, lọ síbẹ̀ ní ọdún 1961. Àwọn tó ń gbé erékùṣù náà kò ju nǹkan bí 6,000 lọ, ṣùgbọ́n àwọn àlejò tó lé ní 40,000 ló ń ya bò wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n ń ra ilé ra ilẹ̀. Èèyàn á rò pé ohùn àlejò ni yóò borí. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Àwọn apẹja apá Chilmark ní ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n ń gbà pe fáwẹ̀lì méjì kan, àwọn tó wà láàárín ọgbọ̀n ọdún sí márùndínláàádọ́ta sì ló ń pè é bẹ́ẹ̀ jù, wọ́n ju àwọn bàbá wọn lọ. Láàárín àwọn ọ̀dọ́, ẹni tó ti pinnu pé òun ò ní kúrò nílé ń dún bí apẹja. Ẹni tó ń wá ọ̀nà àtilọ ò dún bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò pe ìpàdé lé e lórí. Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí pọ̀ jọjọ: kò ní olórí, kò ní òfin tí a kọ sílẹ̀, síbẹ̀ gbogbo ará erékùṣù ló mọ̀ ọ́n lò.

Àṣìṣe kan wà tó yẹ ká já níbí, torí ó ti pẹ́ tó ti ń bani lórúkọ jẹ́. Wọ́n a ní Ìjẹ̀bú ò mọ ọ̀wọ̀, pé ọmọ wọn á dojú kọ àgbà, á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò ní 'ẹ', kò ní 'wọ́n'. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ń fi ìwọ̀n Ọ̀yọ́ wọn ẹrù Ìjẹ̀bú. Ní ìhà Ọ̀yọ́ àti Èkó, àgbà kan ṣoṣo ni à ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n pọ̀. Ọ̀nà tí ìhà yẹn yàn nìyẹn. Ní ìhà tí Ìjẹ̀bú wà, 'ẹ' àti 'wọ́n' ti wọ inú ara wọn tipẹ́, tó fi jẹ́ pé 'àn án wá' lè túmọ̀ sí pé ẹ wá, ó sì lè túmọ̀ sí pé wọ́n wá. Àwọn onímọ̀ kan tiẹ̀ rò pé lílò tí Ọ̀yọ́ ń lo 'ẹ' fún àgbà ni kò jẹ́ kí méjèèjì dàpọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Ibi tí ẹgbẹ́ kan bá yàn pé òun yóò gbé ọ̀wọ̀ sí ló wà. Ọmọ tó fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀, tó kọ́kọ́ kí ìyá àgbà kó tó sọ ohun tó bá a wá, tí kò jẹ́ pe orúkọ rẹ̀ lásán, ti bọ̀wọ̀ fún un tán kó tó kan ọ̀rọ̀ 'ẹ'. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ lónìí ló sì ń lo méjèèjì: 'ẹ' fún olùkọ́ àti fún àlejò, èdè ilé fún ìyá àgbà. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ṣàdédé kó 'ẹ' bo ìyá àgbà lójú ara ilé, ó lè dà bíi pé ó ti sọ ọ́ di àlejò.

Bí ìwọ̀n Ọ̀yọ́ ṣe di ìwọ̀n gbogbo wa, ìwé ló fà á. Òṣogùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ni wọ́n ti bí Samuel Ajayi Crowther. Ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ìpàdé lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá wáyé ní Èkó ní 1875, odindi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884. Ohun tó ti inú iṣẹ́ ọwọ́ wọn jáde fara mọ́ Ọ̀yọ́ jù, òun la sì ń pè ní Yorùbá àjùmọ̀lò. Ó wúlò púpọ̀. Òun ni a fi kọ èyí, kí ará Èkìtì àti ará Kétu lè jọ kà á. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ilé ẹ̀kọ́ gbà á bí ẹni pé òun nìkan ló péye. Ọmọ á kọ gbólóhùn bó ṣe ń jáde lẹ́nu ìyá rẹ̀, tíṣà á fi bírò pupa fà á já. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ohùn ẹgbẹ́ kan ni, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló kọ́kọ́ kàn án lára. Ó tó kí tíṣà sọ fún ọmọ pé ti ilé nìyí, ti ìwé nìyí, kó sì jẹ́ kó mọ méjèèjì.

Ìbéèrè tó kù fún Ẹ̀pẹ́ wà lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí ẹ́sítéètì ti ń rú jáde lójoojúmọ́. Àwọn tó ń kó wọ ibẹ̀ kì í ṣe Èkó Ẹ̀pẹ́, wọn kì í ṣe Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Irú ìlú àṣẹ̀ṣẹ̀tẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Milton Keynes ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 1967, tí èèyàn sì ti ibi gbogbo rọ́ wọ̀. Àwọn onímọ̀ èdè méjì, Paul Kerswill àti Ann Williams, gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ibẹ̀: ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ ọdún mẹ́jọ àti ọmọ ọdún méjìlá. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin ṣì ń dún bí òbí wọn. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ àti méjìlá ti fi òbí sílẹ̀, wọ́n ti ń dún bí ara wọn. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ tí wọ́n kó wá láti Àkúrẹ́ á ṣì dún bí Àkúrẹ́ títí yóò fi wọ ilé ìwé. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹni tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ni yóò kù tí yóò máa pinnu. Bí géètì ẹ́sítéètì bá ṣí sí àwọn ọmọ àárín ìlú, ó ṣeé ṣe kó gba ọ̀kan nínú ohùn méjèèjì tó wà nílẹ̀. Bí géètì náà bá wà ní títì, àwọn ọmọ inú rẹ̀ á hun ohùn kẹta láàárín ara wọn.