Ọjà Tí Kì Í Tán Lórí Àtẹ: Kí Ló Dé Tí Èrè Rẹ̀ Fi Ṣọ̀wọ́n?

Ìwé orí ẹ̀rọ, ẹ̀kọ́ onífídíò, orin, àwòrán, ètò kọ̀ǹpútà: èèyàn á ṣe é lẹ́ẹ̀kan, á sì máa tà á lọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ti wọ òwò yìí tí wọn kò rí èrè kankan. Àwọn ìbéèrè tó sábà máa ń rú àwọn èèyàn lójú nípa rẹ̀ nìyí.

Bí ẹ̀dà ẹgbẹ̀rún kò bá ná mi ju ẹ̀dà kan lọ, ṣebí èrè ni gbogbo owó tó bá wọlé?

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Òótọ́ ni pé ẹ̀dà kò náni lówó, ṣùgbọ́n bí kò ṣe ná yín lówó náà ni kò ná ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tí irú ọjà kan náà fi kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọjà kò wọ́n, ẹni tó máa rà á ló wọ́n. Owó tí oníṣòwò mìíràn ń kó lé ilé ìkẹ́rùsí àti ọkọ̀ akẹ́rù, wíwá oníbàárà ni tiyín máa bá lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Ká ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá tẹ ìpolówó yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń ná yín ní 50 sẹ́ǹtì, tó sì jẹ́ pé nínú 100 èèyàn tó tẹ̀ ẹ́, ẹni 2 ló rà. Ẹ ti ná dọ́là 50 kí ẹ tó rí ẹni 2, ìyẹn dọ́là 25 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ dọ́là 10 lẹ̀ ń ta ọjà náà, bí ọjà bá ṣe ń yá sí i ni àdánù á ṣe máa pọ̀ sí i. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí kò ní àwọn tó ń tẹ́tí sí i tẹ́lẹ̀, ńṣe ló máa ra àgúnmu náà lójoojúmọ́. Ìyẹn ló mú kí àwọn tó mọ òwò náà máa kó àdírẹ́sì ímeèlì àwọn tó nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ wọn jọ kí ọjà kankan tó délẹ̀.

Kí wá ni mo lè tà tí ẹlòmíì kò tíì fi ṣe ọ̀fẹ́?

Ẹ gbé ọkàn kúrò lórí fáìlì, kí ẹ gbé e sórí wàhálà tí ẹ fẹ́ gbà kúrò lọ́rùn èèyàn. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún «ìmọ̀ nípa ìṣòwò». Ṣùgbọ́n ayàwòrán tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá gba iṣẹ́ ló ń kọ ìwé àdéhùn tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀, tó tún ń forí gbárí pẹ̀lú oníbàárà tó fẹ́ ṣàtúnṣe ní ìgbà kẹwàá, á ra ìwé àdéhùn tó ti wà nílẹ̀, tó kàn máa kọ orúkọ àti iye owó sí. Bí àwọn tí ọjà náà wà fún bá ṣe ṣe pàtó tó ni wọ́n á ṣe tètè mọ̀ pé àwọn lẹ̀ ń bá wí.

Ẹ má sì fi oṣù mẹ́fà ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Àwọn tó máa sọ pé «ó dáa gan-an, màá rà á» pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n san owó sílẹ̀ ní ẹ̀dínwó, kí ẹ wá ka iye tó ṣẹ́ kù. Bí wọn kò bá tó, ẹ dá owó padà, ó tán.

Ṣé kí n tà á pọ́ọ́kú kó lè yá?

Ọjà pọ́ọ́kú ní ọ̀tá tí kì í hàn: owó tí wọ́n ń yọ kí owó tó dé ọwọ́ yín. Stripe, tó ń gba owó káàdì fún àwọn oníṣòwò, máa ń yọ ìdá 2.9 nínú ọgọ́rùn-ún àti 30 sẹ́ǹtì lé e lórí owó káàdì tí wọ́n san ní Amẹ́ríkà. Lórí ọjà dọ́là 50, dọ́là 1.75 ni. Lórí ọjà dọ́là 1, nǹkan bí 33 sẹ́ǹtì ni, ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ!

Iye tó ga jù náà lè pani lára. Lórí Kindle, ibi tí Amazon ti ń ta ìwé orí ẹ̀rọ, ìwé tí iye rẹ̀ wà láàárín dọ́là 2.99 sí 9.99 ló lè fún òǹkọ̀wé ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó bá kéré tàbí tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 35 ni. Ìwé dọ́là 9.99 yóò mú nǹkan bí dọ́là 7 wá, kí wọ́n tó yọ owó kékeré tí wọ́n ń gbà fún fífi fáìlì ránṣẹ́. Èyí tí ẹ fi sí dọ́là 12 yóò mú 4.20 wá. Kó tó lè padà mú dọ́là 7 wá, ẹ ní láti tà á ní nǹkan bí dọ́là 20.

Ṣé kí n ṣe ìkànnì tèmi, àbí kí n lọ sọ́dọ̀ àwọn ìkànnì ńlá?

Ẹ wo bí àwọn ńlá fúnra wọn ṣe ń díye lé oníbàárà. Lórí Udemy, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta ẹ̀kọ́ onífídíò, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ọ̀nà ìpolówó olùkọ́ wọlé, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ni olùkọ́ ń gbà. Bí Udemy ló wá a rí, ìdá 37 ni. Gumroad náà, ìkànnì tí èèyàn ti lè ta fáìlì tirẹ̀, ń gba ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àti 50 sẹ́ǹtì lórí ẹni tí ẹ fúnra yín mú wá, ṣùgbọ́n ó ń gba ìdá 30 lórí ẹni tó bá yín pàdé nínú ọjà tiwọn. Fáìlì kan náà ni o, ẹni tó mú oníbàárà wá ló yàtọ̀.

Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ máa rí ohun tí àwọn èèyàn ń wá. Kí ẹ sáà má fi ibẹ̀ ṣe ilé ayérayé.

Ẹnì kan ní kí n ra ẹ̀kọ́ kan tí mo lè máa tún tà, kí gbogbo èrè sì jẹ́ tèmi. Ṣé ó dáa?

Ẹ bi í léèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: bí a bá yọ gbogbo àwọn tó fẹ́ tún un tà kúrò, ta ló kù tó fẹ́ lò ó? Púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, bí a ṣe ń ta ẹ̀kọ́ náà gan-an ló ń kọ́ni. Ẹni tó rà á kẹ́yìn ni gbogbo rẹ̀ máa ń kú sí lọ́wọ́.

Tí ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá (AI) bá bá mi kọ ọgọ́rùn-ún ìwé ńkọ́?

Àwọn tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé Amazon ní láti fi ààlà sí i ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023: ìwé tuntun 3 lójúmọ́. Wọ́n tún ní kí olùtajà sọ fún àwọn bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló kọ ọ́.

Ṣé àwọn èèyàn ò ní jí ọjà mi pín kiri?

Wọ́n á jí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jí i kò ní rà á tẹ́lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ bá fi sí i, ẹni tó sanwó ló sábà máa ń dà láàmú. Ẹ tẹ orúkọ ẹni tó rà á sára fáìlì rẹ̀, kí ẹ sì máa fi àtúnṣe tuntun ránṣẹ́ sí àwọn tó sanwó nìkan.

Owó orí àti owó dídá padà ńkọ́?

Láti ọdún 2015, orílẹ̀-èdè tí oníbàárà wà ni wọ́n sábà fi ń ṣírò owó orí lórí irú ọjà yìí nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, kì í ṣe ibi tí olùtajà wà. Àwọn ìkànnì kan máa ń dúró gẹ́gẹ́ bí olùtajà níwájú òfin, wọ́n á sì san án fún yín. Gumroad ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kìíní ọdún 2025.

Oníbàárà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù tún ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, àfi bó bá fọwọ́ sí i ketekete pé kí ẹ fún òun lójú ẹsẹ̀ àti pé òun mọ̀ pé ẹ̀tọ́ náà bọ́ nìyẹn. Àpótí kékeré tó máa tẹ̀ kó tó sanwó ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bó ti wù kó rí, bí ẹnì kan bá fi ìbínú bèèrè owó rẹ̀, ẹ dá a padà kíákíá. Bó bá lọ sí báǹkì rẹ̀ lọ ṣàríyànjiyàn, owó náà lè lọ, kí wọ́n sì tún bu owó ìtanràn lé e.