Igbó Olókun ni gbígba ohun ìṣẹ̀ǹbáyé padà ti bẹ̀rẹ̀

Bí a bá dárúkọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń ti òkè òkun bọ̀ wálé, Bìní ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń rántí. Ohun tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ níbẹ̀ ní 1897 pọ̀ lóòótọ́. Wọ́n sì dá adé ìlẹ̀kẹ̀ padà fún Ọba Akenzua Kejì ní 1938. Ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ti gba tirẹ̀ ṣáájú ìgbà náà.

Ìparí ọdún 1910 ni Leo Frobenius, onímọ̀ nípa àṣà Áfíríkà láti Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Ní Igbó Olókun, wọ́n fi orí idẹ kan tó dé adé hàn án. Inú ilẹ̀ ni orí náà ń gbé. Wọ́n á wú u jáde láti bọ ọ́, bí wọ́n bá sì ṣe ètùtù tán, wọ́n á tún bò ó mọ́lẹ̀. Lójú tèmi, ìtọ́jú gan-an nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láti ayé àwọn tó rọ ọ́, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta tàbí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ sì wà lójú púpọ̀ nínú àwọn orí Ifẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní ó lè jẹ́ pé adé àti irùngbọ̀n ni wọ́n ń so mọ́ ọn, kí wọ́n fi ṣe ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì fún ọba. Mo gbà pẹ̀lú wọn, nítorí Ọ̀wọ̀ náà ní àkó, ère olóògbé tí wọ́n ń wọ̀ láṣọ tí wọ́n sì ń gbé kiri ìlú.

Pọ́n-ùn mẹ́fà àti ìgò ọtí wísìkí kan ni wọ́n ní Frobenius san láti gba orí Olókun náà. Ifẹ̀ fi ẹjọ́ sùn, Charles Partridge, aṣojú ìjọba amúnisìn, gbọ́ ẹjọ́ náà, ó sì ní kí ó dá orí Olókun padà. Ìgbà tó yá, ní 1949, àwọn onímọ̀ kan ní London sọ pé ẹ̀dà lásán ni èyí tó wà ní Ifẹ̀. Àyẹ̀wò tuntun ti fi hàn pé ó lè jẹ́ ojúlówó, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ní 1938, ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lẹ́bàá ààfin, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé rí àwọn orí idẹ mìíràn nínú ilẹ̀. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí kó wọn sí ààfin. Méjì bá William Bascom, onímọ̀ nípa àṣà tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà, lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì padà wálé ní 1950. Ọ̀kan dé British Museum ní 1939. Ní 1954 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ Ifẹ̀ sì lè lọ wo ojú àwọn baba ńlá wọn níbẹ̀.

Ní 2022, Jámánì fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà ló ni àwọn iṣẹ́ idẹ Bìní tó wà lọ́wọ́ wọn. Àdéhùn yẹn kò kan àwọn orí amọ̀ Ifẹ̀ tí Frobenius kó lọ. Berlin ni wọ́n ṣì wà, orí Wúnmọníjẹ̀ tó lọ ní 1939 sì wà ní London títí di òní.