Ọwọ́ Ń Sáré, Orin Ń Rìn: Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Symphonic Black Metal

"Ariwo ni." Ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ symphonic black metal, orin gìtá líle àwọn òyìnbó tó kún fún ìlù àti igbe, ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń sọ nìyẹn, ì báà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ní Under-G, ì báà jẹ́ télọ̀ ní Tákìé. A ò ní bá a jiyàn. Ẹni tó bá tan án lórí fóònù láìki íyapíìsì bọ etí, ariwo ló máa gbọ́ lóòótọ́, torí pé sípíkà fóònù kì í lè gbé ohùn tó bá rẹlẹ̀ ju bí 300 Hz (ìgbà 300 tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ dáadáa. Gìtá béèsì ti lọ, ìdí ìlù ẹsẹ̀ ti lọ, ohun tó ṣẹ́kù ò ju aro àti igbe lọ. Ẹ kọ́kọ́ wá íyapíìsì ná.

Venom, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi "Black Metal" sọ àwo orin wọn lórúkọ ní 1982, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Norway ni orin náà ti gba ìrísí tí a mọ̀ ọ́n sí, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí òkè. Symphonic ni pé wọ́n fi ọ̀kẹ́sítírà, ẹgbẹ́ ńlá àwọn tó ń ta fáyólìn tí wọ́n sì ń fọn ìwo, kún un. Kíbọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ ń dọ́gbọ́n ṣe bí ọ̀kẹ́sítírà. Nígbà tó fi di 2003, Dimmu Borgir, ẹgbẹ́ olórin Norway, ti lọ bá ọ̀kẹ́sítírà gidi ní Prague, olú ìlú ilẹ̀ Czech.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò eré tí wọ́n ń sá. Bí orin bá ń lọ ní 200 ìlù láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ẹsẹ̀ méjèèjì onílù sì ń pín ìlù kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, ẹsẹ̀ yóò kan ìlù nígbà 800 nínú ìṣẹ́jú yẹn. Ó lé ní 13 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ọwọ́ onígìtá náà ń gbọ̀n lórí okùn ní iye kan náà. Àmọ́ ohùn tí ọwọ́ yẹn ń tẹ̀ kì í tètè yí. Ó lè jókòó sórí ohùn kan fún ìlù mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́jọ, kó tó sún sórí òmíràn. Ọwọ́ ń sáré, orin ń rìn. Ẹni tó bá ń lé ọwọ́, yóò ti rẹ̀ ẹ́ kí orin àkọ́kọ́ tó parí.

Bí dùndún ṣe ń lù níbi ìgbéyàwó náà nìyẹn. Gúdúgúdú ni kì í sinmi, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń tẹ́tí sí i. Ìyáàlù ni gbogbo wa ń gbọ́, torí òun ló ń sọ̀rọ̀. Nínú orin yìí, ìlù ẹsẹ̀ àti gìtá tó ń gbọ̀n ni gúdúgúdú. Ìyáàlù ibẹ̀ a máa pààrọ̀: fáyólìn lónìí, ìwo lọ́la, kọ́áyà lọ́tùnla. Ẹ wá ohùn tó lọ́ra jù lọ, kí ẹ dì mọ́ ọn. Ẹni tó ti kọ tẹ́nọ̀ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ti mọ iṣẹ́ yìí ṣe, torí ó mọ bí a ti ń dá ohùn kan yọ láàárín mẹ́rin.

Àwo onítàn ni pé orin mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá inú rẹ̀ jẹ́ orí ìtàn kan ṣoṣo. Ohun tó ń so wọ́n pọ̀ ni àmì-orin, èyí tí ó dà bí oríkì lẹ́nu ìyáàlù. Láàfin, kí àlejò tó wọlé ni ìlù ti ń kì í; ẹni tó wà nínú yàrá ti mọ ẹni tó ń bọ̀. Olórin á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn ní ohùn kúkúrú, bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà. Nígbà tí ẹni náà wà láyé, fáyólìn ló ń gbé e. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ohùn kan náà á padà lẹ́nu ìwo, á ti fi ìlọ́po méjì lọ́ra sí i. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni kí àmì-orin pọ̀ jù. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún àwo ìṣẹ́jú 50. Tó bá di mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó máa rántí oríkì ta ni.

Ẹ gbọ́ Cruelty and the Beast, àwo ẹgbẹ́ olórin Cradle of Filth ti 1998, tó dá lórí Elizabeth Báthory, obìnrin ọlọ́lá ilẹ̀ Hungary tó kú ní 1614. Ìtàn inú àwo náà dúró ṣinṣin. Ìlù ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ ń ráhùn lé lórí, wọ́n ní ó ń dún bí taipuráítà, títí wọ́n fi tún àwo náà pò jáde ní 2019. Ìdí tí irú èyí fi ń ṣẹlẹ̀ ò ṣòro: bí ẹsẹ̀ bá kan ìlù nígbà 13 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ìró ìsàlẹ̀ ti àkọ́kọ́ kò tíì kú tí èkejì fi dé. Ẹni tó ń po orin á gé ìsàlẹ̀ kúrò, á gbé orí rẹ̀ sókè níbi 3,000 sí 5,000 Hz kó lè yọ. Bó bá gbé e jù, ó di ták-ták-ták.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbà á sílẹ̀ nínú yàrá, ẹ ta gìtá kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ọ̀kan sọ́tùn-ún, èkejì sósì. Ẹ má ṣe ẹ̀dà àkọ́kọ́. Ẹ̀dà ò fẹ̀, ariwo àárín ló máa ń dà. Ẹ gé gìtá nísàlẹ̀ 90 Hz, ilé béèsì àti ìlù ẹsẹ̀ nìyẹn. Okùn tó rẹlẹ̀ jù lára fáyólìn kì í rẹlẹ̀ ju 196 Hz lọ, nítorí náà ohunkóhun tó bá wà nísàlẹ̀ 150 Hz lórí ìlà rẹ̀, ẹrù ọ̀fẹ́ ni. Àṣìṣe oníkíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì ni pé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló fi ń tẹ ọ̀kẹ́sítírà bí ẹni tẹ dùrù. Ẹ pín in: ìsàlẹ̀ fún sẹ́lò, àárín fún ìwo, òkè fún fáyólìn. Kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún ìwo láti mí, èèyàn ló yẹ kó dà bíi pé ó ń fọn ún. Tí gìtá bá ń kùn hùnnn, iná mànàmáná 50 Hz ló wọlé. Ẹ yọ ṣájà, kí ẹ lo bátìrì láptọ́ọ̀pù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi wá léèrè bóyá orin èṣù ni: Sátánì àwọn òyìnbó ni ọ̀pọ̀ wọn ń pè, Èṣù tiwa ò sí níbẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú wọn dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì ní Norway nígbà náà. Ẹ ka ọ̀rọ̀ orin kí ẹ tó fún ọmọ yín.

Igbe wọn ni ó kù. Láti ikùn ni atẹ́gùn rẹ̀ ti ń wá, ó sì ń há bí ohùn eégún. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń ta ẹni tó ń ṣe é, kó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ohun tí à ń fi agídí là kọjá. Àmọ́ ìṣòro tó wà fún ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣe é pọ̀ ju ti ọ̀fun lọ. Igbe yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. Ẹ fi pe ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, kí ẹ wò ó bí olùgbọ́ máa mọ èyí tí ẹ ń wí. Igbe gbé lẹ́tà, ó ju àmì ohùn nù. Ìyáàlù rèé, àmì ohùn ló ní, kò ní lẹ́tà. Ẹ jẹ́ kí ìyáàlù kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà, kí igbe sì tún un sọ lé e lórí. Ohun tí ọ̀kan sọ nù, èkejì á dá a padà. Kí gìtá dákẹ́ tàbí kó wà lórí ohùn kan nígbà tí ìlù bá ń sọ̀rọ̀, torí ohùn ìyáàlù máa ń yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kì í dúró síbi tí gìtá dúró sí.

Máíkì kan tó jìnnà sójú ìlù ní bí 40 sẹ̀ǹtímítà ti tó. Ṣaworo ló máa fa ìjà, nítorí òun àti aro onílù òyìnbó jọ ń gbé òkè 5,000 Hz ni. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àyàn kí ẹ tó fi aṣọ di ṣaworo rẹ̀. Bí kò bá gbà, aro ni kí ẹ yọ.