Kí ló dé tí ọwọ́ fi ń gan láàárọ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí làkúrègbé, oúnjẹ àti eré ìdárayá

Nígbà tí èèyàn bá fẹ́ ṣe àlùwàlá àsùbáà, tí ìka rẹ̀ kò sì ká, ni ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ní Ìlọrin máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti yí padà lára wọn. Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi wá nìyí.

Mo sùn dáadáa, n kò ṣiṣẹ́ lóru. Kí ló dé tí ọwọ́ mi fi gan nígbà tí mo jí, tó jẹ́ pé bí mo ṣe ń lò ó ló ń rọ̀?

Ohun tó ń jẹ́ kí dókítà fura sí rheumatoid arthritis, irú làkúrègbé kan, gan-an nìyẹn. Oríṣiríṣi ni làkúrègbé. Èyí tó ń bá ọjọ́ orí rìn, iṣẹ́ ló máa ń mú un dunni, ìsinmi sì ń tù ú. Bó bá gan láàárọ̀, kì í sábà ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Rheumatoid arthritis yàtọ̀. Agbára tí ara fi ń lé àrùn jáde ló ṣìnà, tó wá dojú kọ awọ fẹ́lẹ́ tó wà nínú oríkèé. Awọ náà á wú, á gbóná, omi á sì kóra jọ síbẹ̀. Lóru tí a kò mira, omi yẹn á dúró sójú kan, àwọn èròjà tó ń fa wíwú náà sì máa ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà ìdájí. Ìgbà tí a bá ń lo oríkèé ni omi náà á máa fà lọ, ó sì lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọwọ́ tó tú.

Ẹ wo ìka ọwọ́, ọrùn ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀: bí ti ọ̀tún bá wú, ti òsì sábà máa ń wú pẹ̀lú. Àwọn obìnrin tó ń ṣe tó ìlọ́po 2 sí 3 àwọn ọkùnrin. Òtútù kọ́ ló ń fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrora lè pọ̀ sí i nígbà ọyẹ́.

Ṣé kí n wá jókòó jẹ́ẹ́ títí ara á fi yá ni?

Rárá o. Nínú ìlànà tí àwọn dókítà oríkèé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, American College of Rheumatology, ṣe ní 2022, ìmọ̀ràn 28 ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fọwọ́ sọ̀yà lé lórí: kí alárùn yìí máa ṣe eré ìdárayá déédéé. Iṣan tí a kò lò á rù, oríkèé kò sì ní rí ohun tó máa gbé e ró. Àìsàn yìí tún ń dá kún àìsàn ọkàn, ìrìn sì ń ṣe ọkàn láǹfààní.

Ní ọjọ́ tí oríkèé bá wú tó sì gbóná, ẹ kàn máa ká a, kí ẹ máa nà án díẹ̀díẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Bó bá ti rọlẹ̀, ẹ bọ́ síta lẹ́yìn ìrun alásárì tí oòrùn ti rọ̀, kí ẹ rìn yí àdúgbò ká. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán ṣe irú èyí lọ́sẹ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́. Ẹ tún máa dìde lórí àga kí ẹ tún jókòó, ní àtúntúnṣe, torí iṣan itan tó ń ṣe èyí náà ló ń gbé yín dìde láti inú ìforíkanlẹ̀. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá kọ̀ lè jókòó kírun. Ẹ̀sìn gbà á láyè. Bí ìrora bá ju wákàtí 2 lọ lẹ́yìn eré ìdárayá, ẹ dín in kù lọ́jọ́ kejì.

Mo ń rokà, mo ń fọṣọ, mo ń ru ẹrù lọ sí ọjà Ìpàtà. Ṣé ìyẹn kò tó?

Iṣẹ́ nìyẹn, àwọn oríkèé kan náà ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ fi aṣọ wé ọrùn ọmọrogùn kó lè nípọn lọ́wọ́, ẹ ro díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn ọmọ sì gbà á lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ tí ọwọ́ bá wú. Kì í ṣe ọ̀lẹ.

Wọ́n ní kí n má jẹ ẹ̀wà mọ́.

Ẹ̀wà kò ṣe yín ní nǹkan kan. Gout, irú làkúrègbé mìíràn tó máa ń bá àtàǹpàkò ẹsẹ̀ lójijì, ni wọ́n rò pé ó ń ṣe yín, àwọn tó ní in gan-an kò sì ní láti sá fún ẹ̀wà bí wọ́n ṣe ń sá fún ìfun, ẹ̀dọ̀ àti bíà. Oúnjẹ tí ìlànà 2022 yẹn dábàá, tí wọn kò sì fi dandan lé, ni ti àwọn ará etí òkun Mediterranean: ẹ̀fọ́, èso, ẹ̀wà, ẹja, ọkà tí a kò bó èèpo rẹ̀ àti òróró ólífì. Yàtọ̀ sí ólífì, kí ni kò sí nílé wa níbẹ̀? Gbẹ̀gìrì, lúrú, ewédú, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹja Titus àti ṣàwá tí ọ̀rá rẹ̀ ń dín wíwú kù. Wàrà tí a kò dín dára fún eegun. Ẹ dín ṣúgà inú zobo àti mínírà kù, torí bí ara bá ti wúwo jù, orúnkún ló ń rù ú. Oúnjẹ á dín ìrora kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ oògùn: oríkèé tó ti bàjẹ́ kì í padà sípò.

Àgbo tí mo rà ní gàráàjì mú un lọ láàárín ọjọ́ 2. Kí ló burú níbẹ̀?

Ìyára yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn kan ń po dexamethasone tàbí prednisolone, àwọn oògùn òyìnbó tó ń dín wíwú kù kíákíá, mọ́ àgbo láìsọ fún ẹni tó ń rà á. Ojú á wú, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á gòkè, eegun á di ẹlẹgẹ́, oríkèé á sì máa bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹ má dédé dá a dúró o, torí ìyẹn náà léwu. Ẹ gbé ìgò náà lọ han dókítà.

Ààwẹ̀ Ramadan ń bọ̀. Báwo ni mo ṣe máa lo oògùn?

Methotrexate tí wọ́n sábà ń fún alárùn yìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni a ń lò ó, torí náà ó ṣeé lò lẹ́yìn ìṣínu. Bí ẹ bá ń lò ó lójoojúmọ́, ó lè pa yín. Diclofenac, oògùn ìrora, lórí ikùn òfìfo ń dá egbò sínú. Ẹni tó bá wà lórí prednisolone tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ dá ìpinnu ṣe; kó lọ bá dókítà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí oṣù tó lé, kí wọ́n jọ to wákàtí oògùn sí ìṣínu àti sààrì.