CNC: ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ igi láìrí igi

Bí káfíńtà kan ní ọjà àga Kúgbo ní Àbújá bá fi pátákó orí bẹ́ẹ̀dì hàn yín, tí òdòdó ọ̀tún bá tòsì mu régírégí, bóyá ni kò ní sọ pé, "CNC ni." Ìtumọ̀ rẹ̀ ò ju pé kọ̀ǹpútà ló ń fi nọ́ńbà darí ẹ̀rọ tó gbẹ́ ẹ. Kì í ṣe nǹkan òní: ọdún 1952 ni yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ti fi ẹ̀rọ tí nọ́ńbà ń darí han aráyé, irin ni ẹ̀rọ náà sì ń gé. Èyí tó jẹ́ tuntun ni pé ẹ̀rọ náà ti kéré débi tó lè jókòó sórí tábìlì nínú bọ́ìsì kọ́tà ní Kúbwà tàbí Lúgbè.

Ọ̀kan tó wọ́pọ̀ nínú àwọn kékeré ni 3018. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí 18. Ó tó fún pátákó orúkọ ẹnu ilẹ̀kùn àti ìdérí àpótí. Mọ́tò kan ń darí ọ̀tún àti òsì (X), ọ̀kan ń darí iwájú àti ẹ̀yìn (Y), ìkẹta ń darí òkè àti ìsàlẹ̀ (Z). Ìkẹrin ló ń yí bíìtì, irin ẹlẹ́nu mímú tó ń jẹ igi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù ni pé ẹ̀rọ yìí ò rí igi. Kò mọ ọ̀gànwó yàtọ̀ sí arère, kò sì mọ̀ bí igi bá ti yẹ̀ kúrò nínú ìdè. Ìṣísẹ̀ ló ń kà. Mọ́tò rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní sítẹ́pà, sábà máa ń gbé ìṣísẹ̀ 200 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá onísíkúrúù sì ń sọ yíyí yẹn di rírìn. Ó dà bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ dì lójú, tí wọ́n ní kó rin ẹsẹ̀ mẹ́wàá kó tó yà. Bí ẹnìkan bá tì í lọ́nà, yóò ṣì máa ka tirẹ̀ lọ, gbogbo ibi tó kù ni yóò sì ti ṣìnà.

Ìdí nìyẹn tí òdo, ibi tí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, fi ṣe pàtàkì. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó gbé ṣóńṣó bíìtì sí igun kan lórí igi, ẹ ó sì sọ fún ẹ̀rọ pé ibẹ̀ ni òdo. Àwọn kan ń fi bébà sáàárín bíìtì àti igi, wọ́n á máa sọ bíìtì kalẹ̀ títí tí bébà yóò fi há. Ọ̀nà tó dára ni. Bí òdo Z bá fi mìlímítà kan péré ṣì, lẹ́tà tó yẹ kó jìn ní mìlímítà méjì lè di mẹ́ta.

Iṣẹ́ tí ẹ yà sórí kọ̀ǹpútà ni sọ́fúwià yóò sọ di G-code, ìyẹn àṣẹ kéékèèké ní ìlà-ìlà. "G1 X50 F600" ń sọ pé: lọ tààrà sí mìlímítà 50 lórí X, kí o sì máa rin mìlímítà 600 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré, GRBL ló ń ka àṣẹ náà, ètò ọ̀fẹ́ tí Simen Svale Skogsrud, ọmọ Norway, bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Ínṣì ni àwọn káfíńtà wa fi ń wọn igi, nítorí náà ẹ wo òkè fáìlì dáadáa: G21 ni mìlímítà, G20 ni ínṣì. Bí ẹ bá ṣì í, 50 yẹn yóò ju mítà kan lọ.

Ọ̀rọ̀ eré, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń yára rìn, ló ń ba bíìtì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ́ jù. Wọ́n rò pé bí ẹ̀rọ bá ṣáà ti ń rọra lọ, igi yóò dán. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹnu bíìtì bá yí kan igi, ó yẹ kó gé èérún kan jáde. Ẹ fi iye yíyípo ìṣẹ́jú kan pín eré, kí ẹ tún fi iye ẹnu bíìtì pín in. Mìlímítà 1000 ní ìṣẹ́jú kan, yíyípo 10,000, ẹnu méjì: èérún náà nípọn tó mìlímítà 0.05. Bó bá tín-ín-rín jù, bíìtì ò gé igi mọ́, ó ń ha á lásán ni. Igi yóò jóná dúdú, ẹnu bíìtì yóò sì kú. Bó bá nípọn jù, bíìtì lè kán, tàbí kí mọ́tò fo ìṣísẹ̀. Ẹ máa wo ohun tó ń jáde. Bí igi gidi bá ń dà bí ìyẹ̀fun, ẹ fi kún eré tàbí kí ẹ dín yíyípo kù. (MDF, pákó tí wọ́n fi èérún igi àti gọ́ọ̀mù ṣe, ò sí nínú èyí, ìyẹ̀fun ni tirẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ fi nǹkan bo imú.)

Ní Àbújá, a ò lè fo ọ̀rọ̀ iná. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ti kà ti pòórá. Ẹ so ó mọ́ ínfátà, òun àti kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí òdo wà kí ẹ lè padà bá a.

Ọyẹ́ náà ní tirẹ̀. Pákó tó ti ìhà gúúsù wọ ọjà Dei-Dei lè máa sunkì, kó sì lọ́, bí atẹ́gùn gbígbẹ bá dé. Kọ̀ǹpútà gbà pé ojú igi tẹ́jú. Bí àárín bá ga ju etí lọ, lẹ́tà yóò jìn láàárín, etí kò sì ní kàn rárá. Ẹ jẹ́ kí pákó wà nínú ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi bíìtì aláwẹ́ fífẹ̀ fá ojú rẹ̀ kó tẹ́ lórí ẹ̀rọ yẹn gan-an, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó mú òdo.